Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá 1600 tí wọ́n fẹ́ tú fún ìgbà àkọ́kọ́: èwo ni ká pààrọ̀, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìjàpá_Tanke
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) 1600 ni, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi AD bẹ̀rẹ̀. Iná ọ́ìlì ń ṣẹ́jú ní sílò (láìtẹ tọ́rọ́tù) tó bá ti gbóná, èéfín búlúù ń jáde, ọ́ìlì sì ń kán láti ibi kílọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ní kí n pààrọ̀ ríìngì nìkan, ẹlòmíràn ní kí n kó gbogbo inú rẹ̀ dà nù. Owó ò tó ohun gbogbo. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọ̀gá_Kéèsì
Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn kò tíì wọn ohunkóhun. Ohun mẹ́ta wà tí o máa ṣe kí ẹ́ńjìnnì tó kúrò nínú ọkọ̀.

Di púlì ìsàlẹ̀ mú, fà á, kí o tún tì í. Tí o bá gbọ́ kó-kó, kíráńkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) ń rìn síwá sẹ́yìn jù. Gbé dáyàlì gééjì sí i: 0.07 sí 0.13 mm ló yẹ kó jẹ́, 0.15 ni òpin. Tó bá ti kọjá 0.30, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣímù (òrùka irin fẹ́lẹ́ tó ń dín ìrìn yẹn kù) nìkan mọ́. Ó ṣeé ṣe kí bíárìn nọ́ńbà 1 ti máa mì nínú kéèsì (ilé irin tó gbé kíráńkì dúró).

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kọ̀mpíréṣàn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹsẹ̀ wà lórí tọ́rọ́tù dé ilẹ̀. Èyí tó bá rẹlẹ̀, da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò plọ́ọ̀gì rẹ̀, yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí o tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ríìngì àti sílíńdà ló jẹ. Tí kò bá yí padà, fáàfù ni. (Sílíńdà Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, kò dúró bíi ti Peugeot, ọ́ìlì máa ń sá lọ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yí i kó lè tàn kálẹ̀.)

Ẹ̀kẹta, fọwọ́ kan ọ́ìlì tó ń kán níbi kílọ́ọ̀ṣì, kí o gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì gíà máa ń rùn, ó sì máa ń ki. Tó bá jẹ́ ti gíà, síìlì ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì tó wọ inú kílọ́ọ̀ṣì ni, ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀.

Nípa owó: ohun tó bá jẹ́ pé a ní láti ya kéèsì sí méjì ká tó tún rí i, òun ni owó máa kọ́kọ́ lọ sí. Daínámò, pọ́ǹpù epo, kábúrétọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ọ̀sì lè dúró, nítorí a lè pààrọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìtú nǹkan míì. Àwọn tí a kì í wọ̀n kí a tó pààrọ̀ wọn rèé: bíárìn méènì, bíárìn kọ́nírọ́ọ̀dù, bíárìn káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), nọ́ọ̀tì kọ́nírọ́ọ̀dù mẹ́jọ, sákílíìpù pín-ìnì písítìnì mẹ́jọ, síìlì fúláìwíìlì, rọ́bà tó wà ní ìdí sítọ́ọ̀dù ńlá mẹ́fà inú kéèsì, páìpù púṣìrọ́ọ̀dù mẹ́jọ pẹ̀lú rọ́bà wọn, odidi sẹ́ẹ̀tì gásíkẹ́ẹ̀tì, àti fáàfù ẹ̀ṣọ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo èyí tó kù, gééjì ló máa sọ.

Oníléètì_Ìlọrin
Ọ̀gá ti sọ òótọ́. Kí n fi ti kéèsì àti kíráńkì kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tú u fún ìgbà àkọ́kọ́ ti ń fi owó ṣòfò.

Magnéṣíọ̀mù ni kéèsì Ìjàpá, ó rọ̀. Bíárìn nọ́ńbà 2, ti àárín, ló máa ń gbá a jù, torí òun nìkan ló pín sí méjì. Àwọn yòókù jẹ́ òrùka odidi. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ihò àárín á fẹ̀, á sì di ẹlẹ́yin (bí ẹyin, kò ní rógbódó mọ́). Tí o bá to bíárìn tuntun sínú ihò tó ti fẹ̀, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ sá lọ, iná á tún máa ṣẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀, ìwọ á sì máa bínú sí ẹni tó ta bíárìn. Pa kéèsì dé láìsí kíráńkì nínú ẹ̀, dè é ní bó ṣe yẹ, kí wọ́n wá wọn ihò náà. Nọ́ńbà 1 sí 3 gbọ́dọ̀ wà láàárín 65.00 sí 65.02 mm, 65.03 ni òpin. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n máa gbẹ́ ihò náà lójú ìlà kan ṣoṣo láti iwájú dé ẹ̀yìn, wàá sì ra bíárìn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi 0.50 mm tóbi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò gé bébà sẹ́yìn bíárìn fún ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n máa dá a lábàá.

Kíráńkì fúnra rẹ̀ le, ó máa ń pẹ́. Ọrùn rẹ̀ jẹ́ 55 mm dín ní ìrun orí díẹ̀. Tí àìrógbódó rẹ̀ kò bá tó 0.03 mm, tí èékánná kò sì há sí ojú ìlà kankan lára rẹ̀, kàn jẹ́ kí wọ́n dán an, kí o lo bíárìn sítáńdáàdì. Tó bá jẹ́ pé ó ti jẹ, wọ́n máa lọ̀ ọ́ kó fi 0.25, 0.50 tàbí 0.75 mm kéré sí i. Ra bíárìn LẸ́YÌN tí kíráńkì bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń rà á ṣáájú ló ń dá a padà.

Kí o tó gbé kéèsì lọ fún léètì, yọ gbogbo ìdérí tó dí ọ̀nà ọ́ìlì, fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdọ̀tí inú ihò yẹn ló ń pa bíárìn tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Sístà_Sípánà
Ìkìlọ̀ kékeré lórí fífọ̀ yẹn. Kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ máa ń jẹ alumíníọ̀mù, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kan tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí písítìnì. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì tó. Ẹ̀ẹ̀kejì: ìyẹ̀fun magnéṣíọ̀mù tó bá jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kéèsì máa ń gbaná, omi sì máa ń mú kó burú sí i. Garawa iyanrìn gbígbẹ ni kó wà nítòsí.

Alhaji_Fáàfù
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kí ẹ jẹ́ kí n fẹnu kàn.

Ẹ fọ̀ ọ́ kó funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ wo àárín ìjókòó fáàfù méjèèjì àti ibi ihò plọ́ọ̀gì. Níbẹ̀ ló máa ń sán. Sílíńdà 3 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, èyí tó wà lápá òsì níwájú, torí kúlà ọ́ìlì ló ń dí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Láti módẹ́ẹ̀lì 1971 ni wọ́n ti gbé kúlà náà sínú ilé tirẹ̀, ara sì ti tù ú díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́káníìkì wa máa ń yọ páànù ilé yẹn nù tí wọ́n bá tú u.

Fáàfù ẹ̀ṣọ́ọ̀sì: ẹ má fi ti àtijọ́ padà bó ti wù kó dán tó. Irin rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Tí orí rẹ̀ bá já bọ́ sínú sílíńdà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, písítìnì, tọ́ọ̀pù àti kọ́nírọ́ọ̀dù ló máa bá a lọ. Ti ìńtéèkì lè padà tí ojú rẹ̀ kò bá jinlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jẹ. Gáìdì (ihò tí ẹsẹ̀ fáàfù ń gbà kọjá): ẹ fi fáàfù tuntun sínú rẹ̀, ẹ mì í ní ẹ̀gbẹ́, tó bá mì tó 0.8 mm, gáìdì ti parí. Ẹ má lọ fáàfù tuntun sínú gáìdì tó ti jẹ. Kò ní jókòó síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á sì jó láìpẹ́.

Ọmọ_Ọ̀fà
Písítìnì àti sílíńdà. 85.5 mm ni ti 1600, kíráńkì sì ń rin 69 mm, ìyẹn ló jẹ́ 1584 cc. Wọ́n máa ń tà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, písítìnì, ríìngì, pín-ìnì àti sílíńdà pọ̀. Wọn àyè àárín písítìnì àti sílíńdà: tuntun jẹ́ 0.04 sí 0.06 mm, tó bá ti dé 0.20, kò sí ríìngì tó lè gbà á là. Ẹni tó ní kí o pààrọ̀ ríìngì nìkan, òótọ́ ló ń sọ tí àyè bá ṣì wà nísàlẹ̀ 0.20, tí sílíńdà kò sì ní etí lókè. Nígbà náà, ti ríìngì kọ̀ọ̀kan wọ inú sílíńdà, kí o wọn ẹnu rẹ̀: 0.30 sí 0.45 mm fún àwọn méjì òkè, 0.25 sí 0.40 fún ti ọ́ìlì.

Wọ́n á fi 87 tàbí 88 mm lọ̀ ọ́ pé kò nílò kí a gbẹ́ kéèsì. Má gbà. Ara sílíńdà wọ̀nyẹn ti fẹ́lẹ́ jù, ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin á sọ ọ́ di ẹlẹ́yin.

Igala tí Volkswagen of Nigeria tò ní Èkó náà jẹ́ 1600 alátẹ́gùn, 85.5 kan náà. Tí o bá rí páálí tí wọ́n kọ Igala tàbí Brasilia sí, inú rẹ̀ bá a mu. Gbé písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n ní ìsọ̀ kí o tó sanwó. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 10 lọ. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ayédèrú ni, tàbí wọ́n kó o jọ láti páálí méjì.

Lójú tèmi, ẹ ra káàmù àti tápẹ́ẹ̀tì (èyí tí imú káàmù ń tì) tuntun pẹ̀lú, láìwọ̀n rárá. Kéèsì ti ṣí.

Ọ̀gá_Kéèsì
Rárá o, Ọmọ_Ọ̀fà, ibẹ̀ la ò ti ní fẹnu kò. Káàmù Jámánì àtijọ́ tí imú rẹ̀ ṣì dán sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí kò le dé inú. Ohun tí a ń wò ni pé kó má sí ihò wínníwínní lára imú káàmù àti lójú tápẹ́ẹ̀tì. Fi ojú tápẹ́ẹ̀tì méjì kan ara wọn: wọ́n gbọ́dọ̀ máa mì díẹ̀, torí ojú wọn yọ gọngọ. Tí wọ́n bá jókòó pẹlẹbẹ síra, tàbí tí ojú ti jinlẹ̀, wọ́n ti jẹ. Káàmù àtijọ́ lè padà pẹ̀lú tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí kálukú bá padà síbi tó ti wá. Káàmù tuntun ń fẹ́ tápẹ́ẹ̀tì tuntun, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ti àtijọ́ á jẹ ẹ́ run láàárín wákàtí kan.

Tó bá sì jẹ́ tuntun ni o rà, wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn gíà rẹ̀, bíi 0, +1 tàbí -1. Ìwọ̀n gíà nìyẹn. Èyí tó bá ti àtijọ́ mu ni kí o béèrè.

Òmù-Àrán_504
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlànà yìí kan Peugeot 504 náà?

Oníléètì_Ìlọrin
Ìlànà ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Omi ló yí sílíńdà 504 ká, ẹ lè fa sílíńdà náà yọ. Ẹ pààrọ̀ síìlì ìdí sílíńdà tí ẹ bá ti gbé tọ́ọ̀pù kúrò tí ẹ sì fọwọ́ kàn án. Kí ẹ má sì yí kíráńkì lẹ́yìn tí tọ́ọ̀pù kúrò láìfi wọ́ṣà àti bóòtù tẹ sílíńdà mọ́lẹ̀; písítìnì á gbé e sókè, omi á sì bá ọ́ìlì pàdé nísàlẹ̀. 88 mm ni ti 1971 cc, 84 mm ni ti 1796 cc, kí wọ́n má baà ta ọ̀kan fún yín dípò ìkejì. Ẹ la ìjíròrò tirẹ̀ sílẹ̀, ká má da ti àbúrò yìí rú.

Ìjàpá_Tanke
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti di títú. Ohun tí a rí: kíráńkì rìn 0.33 mm kí a tó tú u. Ihò méènì 1 àti 3 jẹ́ 65.02, ti àárín 65.06. Ọrùn kíráńkì 54.98, àìrógbódó 0.01. Písítìnì 0.22 sí 0.26. Imú káàmù méjì ti ní ihò wínníwínní. Tọ́ọ̀pù apá òsì sán láti ìjókòó ẹ̀ṣọ́ọ̀sì sílíńdà 3 dé ihò plọ́ọ̀gì. Ti apá ọ̀tún dáa, gáìdì rẹ̀ ló mì. Bíárìn kọ́nírọ́ọ̀dù kan ti pọ́n bíi bàbà.

Oníléètì_Ìlọrin
Gééjì ti dá ẹjọ́ náà. Gbẹ́ kéèsì (65.06 ti kọjá òpin), kí wọ́n sì gé ojú ibi tí bíárìn 1 fara tì nígbà kan náà. Kíráńkì: dán an nìkan. Bíárìn tí wàá béèrè ni inú sítáńdáàdì, ẹ̀yìn 0.50. Sọ méjèèjì lẹ́nu, torí ìsọ̀ máa gbé 0.50 inú fún ọ bí o bá sọ̀rọ̀ ní ààbọ̀.

Alhaji_Fáàfù
Tọ́ọ̀pù tó sán dé ihò plọ́ọ̀gì, ẹ má jó o ní wẹ́díìnì. Iná wẹ́díìnì máa ń mú kí alumíníọ̀mù náà rọ̀, ìjókòó fáàfù á sì tú lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ wá òmíràn, tòkunbọ̀ tí kò sán ti tó, kí ẹ pààrọ̀ gáìdì àti fáàfù ẹ̀ṣọ́ọ̀sì nínú méjèèjì.

Ọmọ_Ọ̀fà
Káàmù ti dá mi láre o! Tuntun, pẹ̀lú tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ. Sẹ́ẹ̀tì písítìnì tuntun. Kọ́nírọ́ọ̀dù àtijọ́ dúró, kíráńkì dúró, ráọ́kà dúró tí ojú rẹ̀ kò bá jinlẹ̀.

Sístà_Sípánà
Bíárìn tó pọ́n yẹn, ìyẹ̀fun irin rẹ̀ wà níbìkan. Inú kúlà ọ́ìlì ni. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń nọ́ọ̀kì nítorí kúlà àtijọ́ tí wọ́n dè padà láìfọ̀. Da kẹrosíìnì sínú rẹ̀, mì í, dà á síta sórí aṣọ funfun, ṣe é títí aṣọ kò fi ní dán mọ́. Tí irin bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, ra kúlà míì. Rọ́bà méjì tó wà ní ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀: ihò kéèsì àtijọ́ jẹ́ 8 mm, ti tuntun 10 mm. Rọ́bà tí kò bá a mu ló ń da ọ́ìlì sílẹ̀ lójijì.

Pọ́ǹpù ọ́ìlì: fi irin títọ́ lé ẹnu rẹ̀ láìsí gásíkẹ́ẹ̀tì, tí fíílà gééjì 0.10 mm bá wọlé láàárín gíà àti irin náà, ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n gbé káàmù tuntun dání lọ sí ìsọ̀. Gíà káàmù kan pẹlẹbẹ, òmíràn jinlẹ̀ bí àwo, pọ́ǹpù wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Pa kéèsì dé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í gan, kì í ṣe sílíkónì. Sílíkónì tó bá yọ sínú á já, á lọ dí ihò ọ́ìlì. Fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ bíárìn kọ̀ọ̀kan níbi tó ti bá etí kéèsì pàdé nígbà tó jókòó sórí pín-ìnì rẹ̀, kí kíráńkì tó wọlé. Ìlà yẹn ló máa sọ fún ọ tó bá ti yẹ̀. Nọ́ọ̀tì 8 mm tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíárìn 1 ni kí o kọ́kọ́ dè dé 20 Nm (ìwọ̀n agbára ìdè lórí sípánà tọ́ọ̀kì), lẹ́yìn náà mẹ́fà ńlá dé 34 Nm, kí àwọn kékeré yòókù tó tẹ̀ lé e ní 20. Yí kíráńkì lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdè kọ̀ọ̀kan. Tó bá há, dúró, tú u. Bíárìn kan ti kúrò lórí pín-ìnì rẹ̀ nìyẹn. Kọ́nírọ́ọ̀dù 33 Nm. Tọ́ọ̀pù: 31 Nm fún sítọ́ọ̀dù 10 mm, 25 fún 8 mm. Ọfà orí písítìnì kọjú sí fúláìwíìlì.

Ìjàpá_Tanke
Nọ́ọ̀tì ńlá àárín fúláìwíìlì ńkọ́? Sípánà tọ́ọ̀kì wa kò dé 343 Nm.

Ọ̀gá_Kéèsì
Sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm, ọ̀pá irin gígùn, àti ààbọ̀ àpò símẹ́ńtì. Ààbọ̀ àpò jẹ́ kílò 25. Wọn mítà 1.4 láti àárín nọ́ọ̀tì, kí ọ̀pá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, so àpò náà rọ̀ síbẹ̀: ìyẹn jẹ́ 35 kg-m, òun náà ni 343 Nm. Má fi ojú díwọ̀n mítà náà. Tí kò bá le tó, àwọn pín-ìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú fúláìwíìlì á máa mì, kíráńkì á sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣímù ló ṣáájú síìlì. Mẹ́ta ni ṣímù, kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́rin. De fúláìwíìlì pẹ̀lú ṣímù méjì, láìsí síìlì, kí o wọn bó ṣe ń rìn. Yọ 0.10 kúrò nínú ohun tí o rí, èyí tó kù ni ìwọ̀n ṣímù kẹta. Tó bá jẹ́ 0.42, ra 0.32. Lẹ́yìn náà, tú u, fi síìlì sí i, kí o tún un dè.

Òmù-Àrán_504
Ẹ má gbàgbé páànù afẹ́fẹ́ àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Òkè Òmù-Àrán ló máa ń tú àṣírí ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀ á padà wọ fáànù, Ọkọ Yánníbo á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Fún ọyẹ́, da ọ́ìlì sínú fílítà afẹ́fẹ́ dé ojú ìlà pupa rẹ̀, tó bá jẹ́ irú onílọ́ìlì. Eruku tó wọlé ló ń jẹ ríìngì tuntun.

Sístà_Sípánà
Ọjọ́ títàn: ọ́ìlì lítà 2.5, 20W-50. Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Tí kò bá kú láàárín ìṣẹ́jú kan, má tan án. Tú ìdérí pọ́ǹpù, fi gíríìsì fẹ́lẹ́ tàbí ọ́ìlì kún inú rẹ̀ kó lè fa. Tó bá ti jó, gbé e sí bíi ìyípo 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 20, má jẹ́ kó lọ sí sílò, torí káàmù tuntun ń fẹ́ ọ́ìlì tó ń fọ́n sí i. Yí ọ́ìlì padà lẹ́yìn tó bá tutù. Tún un yí ní 500 km, kí o yọ àwọ̀n ìsàlẹ̀ wò, torí ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fílítà ọ́ìlì míì. Ọjọ́ yẹn náà ni kí o tún fáàfù ṣe: 0.15 mm fún gbogbo mẹ́jọ, kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀.